Èémí Àdúkẹ́ àti Owú Mi

Mọ́ńdè, 9 Júùnù

Ọlidé Iléyá parí lónìí. Òjò láti ìdájí. Nótìbúùkù tó ṣẹ́kù nínú èyí tí mo rà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mò ń kọ èyí sí, nítorí bí mi ò bá rí ibi da ọ̀rọ̀ yìí sí, màá sọ ọ́ sétí ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ ọ.

Ara ológbò ilé wa kò yá. Ó na ọrùn gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wúkọ́ gbígbẹ, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Láti aago méje àárọ̀ ni Bàbá Ràhmát, ọkọ mi, ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àgbò tí mo tọ́jú sínú fíríìjì, tí mo ti ń ronú irú ata tí màá fi dín in, ló gé wẹ́wẹ́ sínú àwo.

"Àdúkẹ́ mi, jẹ díẹ̀. Tìtorí mi."

Àdúkẹ́ gbóòórùn ẹ̀dọ̀, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọkọ mi wá gbé àwo náà fún mi pé kí n lọ dín in fún ara mi. Ohun tí ológbò kọ̀ ni mo fi jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án yìí.

Lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lọ́sibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Nígbà kejì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń bá oníbàárà kan ní Owódé Onírin jà lórí fóònù nítorí gíá-bọ́ọ̀sì ọkọ̀ tó tà fún un. Kò kúnlẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tọ́sìdè, 12 Júùnù

Ìyá Ìkòsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, wá kí aláìsàn. Wọ́n ra ẹja ṣàwá dání, wọn ò ra nǹkan kan fún èèyàn.

"Ọkọ ẹ ti jẹun?" ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Mo ní ó ti jẹ búrẹ́dì kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Kàmọ́rù kọ́ ni mò ń wí. Ọkọ ẹ kékeré."

Ọdún mọ́kànlá rèé, wọn ò jẹ́ kí àwàdà yẹn sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yìí, wọ́n gbé ológbò náà dúró níwájú mi láàárín gbogbo ìyàwó ilé, wọ́n ní mo bá a nílé ni, ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ ọn lórí, kí n wá ohun tí màá máa pè é. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ ní Eléyinjú. Mo rò pé eré ọjọ́ kan ni. Títí dòní, bí mo bá ṣèèṣì pè é ní Àdúkẹ́ níwájú wọn, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín tó ti ọjọ́ náà.

Ọkọ ni wọ́n fi ṣe fún mi. Lọ́kàn tèmi, ìyálé ni mo mọ̀ ọ́n sí. Adébísí, ìyàwó àkọ́kọ́, ló mú un wálé ní kékeré, òun ló fi oríkì ọmọ èèyàn sọ ẹranko. Adébísí ti ṣaláìsí ní ọdún méjì kí n tó dé. Ológbò rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tí ì lọ.

Ìyá Ìkòsì fọwọ́ ra ìhà rẹ̀. "Òtútù ni. Òjò ọdún yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ wọ súwẹ́tà fún un." Súwẹ́tà tí Ràhmát wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kí n wá jáde. Ràhmát ọmọ wa gan-an wà ní bọ́ọ̀dìn ní Ẹ̀pẹ́, òtútù á máa mú òun náà, kò sẹ́ni tó béèrè. Mo wá súwẹ́tà. Mo ti fèrèsé. Mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Sátidé, 14 Júùnù

Òjò. Ológbò kọ oúnjẹ. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sórí àpótí irin tó máa ń sùn sí, kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́.

Àpótí Adébísí ni. Aṣọ rẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, Bàbá Ràhmát á ra káfúrà tuntun, á wọ́n ọn sáàárín aṣọ kí kòkòrò àti ọ̀rinrin má bà á jẹ́, á tì í padà, á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ló ṣe ti ọdún yìí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé àpótí yẹn kúrò lábẹ́ ibi tí mò ń sùn. Mo ti bínú, mo ti sunkún, mo ti pe Lèmọ́mù sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti sú èmi fúnra mi.

Wẹ́sìdè, 18 Júùnù

Bàbá Ràhmát ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà gbàyè níléèwé. A gbé ológbò sínú agbọ̀n tí mo fi ń lọ sọ́jà, a fi ìró bò ó. A ò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ké, dẹ́rẹ́bà kẹ̀kẹ́ wẹ̀yìn.

"Daddy, kí ló wà nínú yẹn? Ológbò? Ẹ má bínú, ẹ bọ́ sílẹ̀. Mi ò kì í gbé ológbò, ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi."

A fẹsẹ̀ rìn dé Ìkòsì nínú òjò. Agbòjò kan ṣoṣo la ní. Orí agbọ̀n ni Bàbá Ràhmát gbé e sí.

Dókítà Ọláníyan tó ń tọ́jú ẹranko kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó gbọ́ àyà ológbò pẹ́. Ó ní ọ̀nà tí èémí ń gbà ti wú, ó ti fún mọ́ra, bíi ti àwọn tó ní asímà. Ó ní pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, kò lè tán pátápátá, ṣùgbọ́n a lè mú un rọ̀. Bí kò bá sì rọ̀ láàárín oṣù kan sí i, ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbé e mọ́. Nígbà tó bá ń sùn, èémí rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ka tòní lójú wa: mẹ́rìnléláàádọ́ta.

"Kí lẹ̀ ń sun nínú ilé? Kọ́ìlì ẹ̀fọn? Tùràrí? Kí ló ń rùn níbẹ̀?"

"A ò sun nǹkan kan," ni ọkọ mi wí. Ó ronú díẹ̀. "Ìyàwó mi máa ń fín lọ́fínńdà."

Mo wò ó. Lọ́fínńdà kan ṣoṣo tí mo ní, tí mò ń fi lọ síléèwé. Láti òní lọ, ó dèèwọ̀.

Dókítà béèrè ẹni tó máa máa ka èémí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi ní òun ni. Dókítà ní, "Ṣé màdáámù kọ́ lẹ ní wọ́n jẹ́ tíṣà?" Bí kíkà ṣe di tèmi nìyẹn.

Sọ́ńdè, 22 Júùnù

Òògùn tí wọ́n ń fà sí ọ̀fun, ínhélà, ni wọ́n fún un, ológbò ò sì lè fà á bí èèyàn. Dókítà kọ́ wa bí a ó ti ṣe é: ike omi kékeré, gé ìdí ẹ̀, wé fóòmù mọ́ etí ẹ̀ kó má gé e lójú; ínhélà lẹ́nu ike, ojú ológbò nínú ìdí ike, kó mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ike mẹ́rin ni Bàbá Ràhmát gé bàjẹ́ kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Bísímílá. Àdúkẹ́, fà á. Ó káre. Òmíràn."

Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn etí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ọbẹ̀ ń jóná lẹ́yìn mi, mò ń wo àtàǹpàkò yẹn. Ọkùnrin yìí sọ fún mi nígbà kan rí pé ìdí tí òun kì í fi fọwọ́ kàn mí lójú ni pé ọwọ́ òun le, pé girísì ti ba á jẹ́. Mo gbà á gbọ́ láti ìgbà náà.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi Sẹ̀kínát, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tíṣà Praímárì Fọ́ọ̀, mò ń jowú ológbò tí eyín rẹ̀ ti ká.

Mọ́ńdè, 30 Júùnù

Mọ́kànléláàádọ́ta láàárọ̀, mẹ́tàléláàádọ́ta nírọ̀lẹ́. Ínhélà ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Omi kún títì Mile 12, mo wọ́ ọ dé orúnkún. Mo wọlé, mò ń gbọ̀n, mo wúkọ́. Bàbá Ràhmát gbé ojú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò.

"Pẹ̀lẹ́ o. Má wúkọ́ sí i lára."

Inú bí mi débi pé ohùn mi yí padà. Mo ní, "Kàmọ́rù Àkànní, bí mo bá kú lónìí, ta ló máa ra káfúrà fún aṣọ tèmi?"

Ó dìde, ó ti fèrèsé kan tí afẹ́fẹ́ ti ṣí díẹ̀. Èmi nìkan ni mo jẹun.

Sátidé, 5 Júláì

Ìjì gbé òrùlé ilé bàbá ọkọ mi lọ ní Ṣakí. Òun ni dáódù, òun ni wọ́n ń retí. Ó lọ láàárọ̀ yìí, ó ní ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì: ìdajì hóró láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́, fọ ike, ti fèrèsé. Mummy Kelvin, ará yàrá tó kọjú sí tiwa, dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, Bàbá Ràhmát sì sọ fún wọn lójú mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa yọjú sí wọn." Ta ni wọn? Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí kò fọkàn tán, ó sì ń wá ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ kẹ̀kẹ́, ó ní, "Ìyá Ràhmát, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò bá ẹ jà sí i. Ṣáà má jẹ́ kó kú kí n tó dé. Òun ló kù."

Òun ló kù. Mo dúró lójú títì títí kẹ̀kẹ́ fi yí kọ́nà. Èmi wá ńkọ́? Kí lèmi jẹ́ nínú ilé yìí, àga?

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Ológbò ya mí lọ́wọ́ lójú ibi mẹ́ta. Kò gbà kí n fi ike sí òun lójú. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mummy Kelvin ti yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, wọ́n á ní àwọn wá yá iyọ̀.

Mo jókòó tì í nílẹ̀, mo sì rò ó báyìí: bó bá kú nísinsìnyí, mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Mo lo òògùn fún un, mo ti fèrèsé, gbogbo ohun tó wà lára fíríìjì ni mo ṣe. Kò sẹ́ni tó lè bá mi wí. Inú mi dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù ara mi bà mí, mo dìde lọ fọ abọ́.

Wẹ́sìdè, 9 Júláì

Mo dé láti iléèwé ní aago méjì, mo fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé kí n fún un lóògùn, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sá lọ sí fàráńdà. Ó rẹ̀ mí, mi ò lé e. Mo kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ jáde, mò ń máàkì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò ti dá ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó sùn, mo kà á: mọ́kànlélógójì. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo tún un kà, iye kan náà.

Òtútù tí wọ́n ní ó ń pa á, inú òtútù gan-an ló ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó jí, ó wọlé padà sórí àpótí rẹ̀. Wákàtí kan: márùndínlọ́gọ́ta. Mo gbé e jáde, kò fẹ́, mo mú un lé itan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wálẹ̀ sí mẹ́tàlélógójì. Bí mo bá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ kíláàsì mi á mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo fi àyà wọ́lẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé imú mi lé ojú ibi tí imú rẹ̀ máa ń wà. Omi bọ́ lójú mi, ọ̀fun mi há. Mo ti ń sùn lórí òórùn yẹn tipẹ́tipẹ́ débi pé imú mi ò gbọ́ ọ mọ́. A sì ti gbogbo fèrèsé mọ́ ọn lórí.

Mo pe Dókítà. "Káfúrà? Àwọn róbótó funfun yẹn? Màdáámù, ẹ kó o kúrò nínú ilé. Bí kò bá kúrò, ínhélà kan ò lè ṣe nǹkan kan, kò sì ní pẹ́ mọ́."

Mo mú fóònù pé kí n pe Ṣakí, mo tún gbé e sílẹ̀. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Nínú gbogbo obìnrin tó wà ní Kétu, èmi nìkan ni kò yẹ kó rí nǹkan yìí.

Tọ́sìdè, 10 Júláì

Mo pè é. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ka iye èémí fún un, ti yàrá lọ́tọ̀, ti fàráńdà lọ́tọ̀, mo sọ ohun tí Dókítà wí.

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan páànù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Ràhmát. O ti wá rí ọ̀nà gbà."

"Bàbá Ràhmát, mo fi Ọlọ́run búra."

"Má fi Ọlọ́run búra nítorí àpótí. Má fọwọ́ kàn án. Tí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́."

Mummy Kelvin ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Aunty, kò kúkú burú, ẹ ṣáà rọra." Àwọn náà rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá.

Jímọ̀, 11 Júláì

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo fi ológbò sí pálọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ha ilẹ̀kùn, ó ń ké, kíké náà sì ń gba èémí lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn yẹn ti wọ pálọ̀ pàápàá. Mo fẹ́ wọ́ àpótí jáde, kò gba ẹnu ọ̀nà àfi kí n kọ́kọ́ tú bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án, ó la ẹnu, ó ń fi ẹnu mí. Ahọ́n rẹ̀ kò pupa mọ́. Méjìdínlọ́gọ́ta.

Mo rò ó wò. Bó bá kú, ọkọ mi á dé, á sunkún, á ra káfúrà mìíràn, àpótí á wà lábẹ́ mi títí ayé. Bí mo bá ṣí i, ó lè lé mi. Mo rò ó títí. Ológbò náà gbé ojú sókè wò mí, ojú tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wá èémí tó máa mí tẹ̀ lé èyí tó mí tán.

Mo lọ yá òòlù lọ́wọ́ Mummy Kelvin. Wọ́n bi mí kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi fọ́ ilé ọkọ mi.

Àgádágodo náà kò gbà ju ìgbà márùn-ún lọ.

Sátidé, 12 Júláì

Abọ́ ńlá kan ni mo ṣa káfúrà inú àpótí kún. Òmíràn ti di ìyẹ̀fun, òmíràn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, mo gbé e lé àwọn akódọ̀tí lọ́wọ́ fúnra mi, mo sì dúró títí ọkọ̀ wọn fi lọ.

Mo wá kó aṣọ. Ọdún wọ̀nyí gbogbo, mo rò pé obìnrin gíga ni Adébísí, tó sanra, tó ń wọ léèsì. Kékeré ni. Bùbá rẹ̀ ò lè wọ èjìká mi. Léèsì kò ju méjì lọ. Ìyókù, àǹkárá ojoojúmọ́ ni, èyí tó fi ń dáná, tí epo ta sí. Bàbá Ràhmát tọ́jú èyí tí epo ta sí. Owú gún mi lọ́kàn ju bí ì bá ti gún mi ká ní wúrà ni mo bá níbẹ̀. Aṣọ tí mo fi ń dáná, ó ti fi nu ẹ́ńjìnnì rí.

Mi ò lè sọ wọ́n nù. Mi ò sì lè kó wọn padà bí wọ́n ṣe ń rùn. Mo bu omi.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

Mò ń fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ọṣẹ funfun aláìlóòórùn, omi mẹ́ta-mẹ́ta. Awọ ìka mi ti ń bó. Òjò ń rọ̀, mo sá a sí okùn fàráńdà, ìgbà tó bá dá mo sá a síta.

Mummy Kelvin káwọ́ sẹ́yìn. "Aunty, aṣọ orogún yín lẹ̀ ń fọ̀ yìí?"

"Òun ni."

"Tí kò sí láyé mọ́?"

"Ká ní ó wà láyé ni, ṣé màá fọ̀ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá bá mi mú etí kejì ìró, a jọ fún un. Mo ṣí gbogbo fèrèsé ilé.

Wẹ́sìdè, 16 Júláì

37. Mo tẹ́ àǹkárá elépo yẹn fún un ní pálọ̀, ó yí ká lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sùn.

Sátidé, 19 Júláì

31. Ó jẹ́ kí n fi ike sí òun lójú, mẹ́wàá pé. Tòmátì ti wọ́n ju ẹran lọ ní Mile 12, mo ra ẹja fún un. Ó jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé kó má rò pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Ó gun itan mi, ó sùn, mi ò rí ọ̀nà dìde lọ kírun Àsàrì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá.

Túsìdè, 22 Júláì

Bàbá Ràhmát dé ní aago mẹ́rin. Aṣọ ṣì wà lórí okùn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ká a, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó rí i.

Ó dúró sí fàráńdà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú àdìrẹ kan, ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Òórùn ẹ̀ ti lọ."

"Òórùn káfúrà ni, Bàbá Ràhmát. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Mo mọ̀. Tirẹ̀ ti lọ láti ọdún kejì." Ó tẹ́ àdìrẹ náà padà sórí okùn, ó sì nà án dáadáa. "Káfúrà yẹn ni mo wá ń gbóòórùn."

Ológbò jáde wá. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pè é. Ológbò gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ṣe é bí ẹni tó ń kí àlejò, ó padà wá fara ti ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ọkọ mi rí i. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò wọlé títí wọ́n fi kírun Íṣáì.

Mo ti múra ìjà. Mo ti to gbogbo ohun tí màá wí, láti orí iṣẹ́ abẹ mi títí dórí agbòjò. Kò jà. Mo ká aṣọ náà, mi ò mọ ibi tí màá kó o sí, mo kó o lé orí àga.

Jímọ̀, 25 Júláì

Iléèwé ti gba ọlidé. "Ẹ káàárọ̀." "O jíire." Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé yìí láti ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ yìí mo bá a níbi tó jókòó ti ológbò, ó gbé fóònù dání, ó ń ka èémí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lọ wo ìwé tí mò ń kọ iye sí, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró pẹ́ níbi tí mo kọ 58 sí. Òní jẹ́ 27.

Sọ́ńdè, 27 Júláì

Bàbá Ràhmát fúnra rẹ̀ pe Ìyá Ìkòsì pé kí wọ́n wá kó aṣọ, kí wọ́n pín in fún àwọn mọ̀lẹ́bí Adébísí. Òun fúnra rẹ̀ ló ká a. Ó mú àdìrẹ ọjọ́sí sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó fi àǹkárá elépo sílẹ̀ fún ológbò. Kò bi mí, mi ò sì dá sí i.

Ìyá Ìkòsì di ẹrù náà, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Sẹ̀kínát, o gbọ́n. O fi ológbò gba ilé."

Ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé mo ti fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ rí, mo fẹ́ ẹ fún ọdún mọ́kànlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wí bẹ́ẹ̀," ni ọkọ mi wí láti orí àga. Kò gbé ojú sókè. "Èmi ni mò ń pa á. Òun ló ń ka èémí ẹ̀."

Àpótí ṣófo. Ó ní oníṣòwò àlòkù irin kan ní Owódé á rà á.

Sátidé, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Oòrùn yọ, ọ̀sẹ̀ yìí ni òjò kọ́kọ́ sinmi. Ràhmát ti dé láti bọ́ọ̀dìn, ó ti lọ kí Ìyá Ìkòsì. Mo tẹ́ ẹní sí fàráńdà, Eléyinjú wà lórí itan mi, mò ń yọ eegun ẹja fún un. Bàbá Ràhmát wọlé, ó kí mi, mo dáhùn. Ó wọ inú lọ, ó jáde, ó tún wọ inú lọ. Mo gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò, tó ń dé e.

Ó wá dúró lé mi lórí. "Mo ti dé láti bí wákàtí kan."

"Oúnjẹ wà lórí tábìlì."

"Mo rí i. Ó ti tutù."

"Ó máa gbóná tí ẹ bá gbé e kaná."

Ó dúró síbẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ti Ṣakí dé, ológbò ṣáá ni. Ẹja ológbò, òògùn ológbò. Orí páànù ni mo wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó bi mí bí ẹ̀yìn mi ṣe rí."

Mo gbé ojú sókè. Mo wò ó dáadáa kí n má baà ṣì í. Ètè rẹ̀ ti yọ síta bíi ti ọmọ kíláàsì mi tí wọn ò pín bisikíìtì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kàmọ́rù Àkànní ń jowú. Nítorí mi ni.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Báwo ni ẹ̀yìn yín?"

"Ó ń dùn mí."

Mo sún díẹ̀ lórí ẹní. Ó dùbúlẹ̀, ó na ẹ̀yìn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó di ojú. Ológbò kò yẹra fún un, kò sì kúrò lórí itan mi.

"Ka tèmi náà," ni ọkọ mi wí.

Mo mú fóònù, mo fi ọwọ́ kejì lé e láyà. Méjìdínlógún. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo ní kó má dìde, mo ní mo ṣì ń kà á lọ.